Ìwé Ẹ̀rí Kọ́ Ni Bíréèkì

Kò sí ibùdókọ̀ kan láti Èkó títí dé Ìlọrin tí ènìyàn kò ti ní rí ọkọ̀ akérò tó ti lo ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n fi ọ̀dà tuntun kùn lára, tí wọ́n sì lẹ oríṣiríṣi ìwé mọ́ dígí iwájú rẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ ojú pópó bá dá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dúró, kò sí ẹni tí yóò wo abẹ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò ní kí awakọ̀ tẹ bíréèkì kí òun rí i. Ìwé ni awakọ̀ yóò nà síta. Bí ìwé bá ti pé, ọkọ̀ náà pé nìyẹn. Àwọn èrò tó wà nínú ọkọ̀ á mí kanlẹ̀, wọn á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun pé awakọ̀ àwọn kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń lé kiri, ìrìn àjò á sì máa bá a lọ.

Ìbéèrè tó yẹ kí ẹni tó ní ọkọ̀, ẹni tó ń wọ ọkọ̀, àti ẹni tó ń fi ọmọ bíbí inú rẹ̀ ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ bi ara wọn ni pé, kí ni ìwé náà ń sọ gan-an? Ta ni ó sọ ọ́? Ìgbà wo ni ó sọ ọ́? Ṣé ó tilẹ̀ rí ọkọ̀ náà kí ó tó sọ ọ́?

Ìlànà tó wà nílẹ̀ ni pé kí ọkọ̀ tó ń kó èrò fún owó máa gba ìwé tí àwọn awakọ̀ ń pè ní 'roadworthiness' ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, kí ọkọ̀ tí ènìyàn ń lò fún ara rẹ̀ sì máa gbà á lọ́dọọdún. Àwọn V.I.O. ti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni iṣẹ́ àyẹ̀wò yìí wà ní ìkáwọ́ wọn. (Ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ọ̀tọ̀ ni àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, F.R.S.C., tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pa àwọn méjèèjì pọ̀.) Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ ni pé kí awakọ̀ gbé ọkọ̀ lọ sí ibùdó àyẹ̀wò, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ wọ abẹ́ rẹ̀, kí ó fọwọ́ kan ohun tó yẹ ní fífọwọ́ kàn, kí ó dán bíréèkì wò, kí ó wo iná, táyà àti sítíárì, lẹ́yìn náà ni kí ó tó fọwọ́ sí ìwé. Ìpínlẹ̀ Èkó tilẹ̀ ti ní àwọn ibùdó tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ṣe é, tí ẹ̀rọ yóò fúnra rẹ̀ sọ bí bíréèkì ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì ṣe lágbára sí. Ohun rere ni èyí jẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀, tí wọn kì í sọ sókè, ni pé ọ̀pọ̀ ìwé ló ń jáde láìjẹ́ pé ọkọ̀ kúrò níbi tí wọ́n gbé e sí. Olówó ọkọ̀ á kó ìwé àtijọ́ àti owó fún alágbàtà ní òwúrọ̀, nígbà tí yóò bá fi di ọjọ́rọ̀, ìwé tuntun ti dé. Ọkọ̀ náà wà ní gáréèjì, wọ́n ń ti epo bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Kò sí ẹni tó mọ àwọ̀ rẹ̀ nínú àwọn tó buwọ́ lu ìwé pé ó yẹ lójú títì. Àwọn ènìyàn á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bú òṣìṣẹ́ ìjọba pé oníbàjẹ́ ni. Òótọ́ ni, ìbàjẹ́ ni, ṣùgbọ́n ta ló gbé owó lọ bá a? Ẹni tó fọwọ́ sí i pé òun rí ohun tí òun kò rí ti jẹ́rìí èké. Ẹni tó sanwó kí wọ́n lè jẹ́ ẹ̀rí náà fún un kò lè wá máa nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ. Ẹ̀rí yìí kì í sì í ṣe ẹ̀rí lórí ilẹ̀ tàbí lórí gbèsè. Orí èrò mẹ́rìnlá tó wà nínú ọkọ̀ ni wọ́n jẹ́ ẹ ka.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá dájọ́ pé àwọn V.I.O. ìlú náà kò ní agbára lábẹ́ òfin láti máa dá awakọ̀ dúró, láti máa gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí láti máa bu owó ìtanràn lé e lórí. Inú ọ̀pọ̀ awakọ̀ dùn, ó sì yẹ kí inú wọn dùn, nítorí ìyà tí wọ́n ń fi jẹ ènìyàn lójú pópó kì í ṣe kékeré. Àwọn kan wá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ilé ẹjọ́ ti pàṣẹ fún bíréèkì wọn pé kó má ṣe bàjẹ́ mọ́. Ìdájọ́ lórí agbára òṣìṣẹ́ ni ilé ẹjọ́ ṣe. Ipò tí ọkọ̀ wà ní àárọ̀ ọjọ́ náà, kò yí padà ní ìrọ̀lẹ́.

Ó dára kí àwọn tó gbà pé ní òkè òkun ni gbogbo nǹkan ti ń lọ déédéé mọ ohun tí ìwé àyẹ̀wò túmọ̀ sí níbẹ̀ pàápàá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1960 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò yìí, nígbà tí Ernest Marples jẹ́ mínísítà ìrìnnà. Orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n gé kúrú tí àyẹ̀wò náà fi ń jẹ́ MOT títí dòní. Ọkọ̀ tó bá ti pé ọdún mẹ́wàá nìkan ni òfin kọ́kọ́ mú, bíréèkì, iná àti sítíárì ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń wò. Nígbà tó fi máa di 1967, wọ́n ti fà á wá sórí ọkọ̀ tó bá ti pé ọdún mẹ́ta. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Peckham, tó fẹ́ ra ọkọ̀ Transit àtijọ́ láti máa fi gbé oúnjẹ lọ sí òde àríyá, máa ń rò pé òun ti jàjàbọ́ bí ẹni tó ń tà á bá ti ní MOT ọdún kan gbáko ṣì wà lórí rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìwé náà ń sọ kò ju pé ní ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ní wákàtí tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ọkọ̀ náà kò rẹlẹ̀ ju ìwọ̀n tí òfin fi lélẹ̀ lọ. Kò sọ̀rọ̀ nípa ipò tí ẹ́ńjìnnì, gíà tàbí kílọ́ọ̀ṣì wà. Kò sì ṣèlérí nípa ọjọ́ kejì. Bí wọ́n bá mú ènìyàn pẹ̀lú ọkọ̀ tó léwu lójú títì, MOT tó ṣì wà láàyè kò gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ òfin.

Ibi tí àwọn ará ibẹ̀ ti ta Nàìjíríà yọ ni pé ìwé wọn kì í dákẹ́ lórí ohun tó ń bọ̀ wá bàjẹ́. Bí páìpù bíréèkì bá ti ń dípẹtà ṣùgbọ́n tí kò tíì burú tó ohun tí wọ́n lè tìtorí rẹ̀ dá ọkọ̀ padà, ayẹ̀wò yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí olówó ọkọ̀ máa ṣọ́ ọ. Láti ọdún 2018 ni wọ́n sì ti pín àléébù sí ìpele, èyí tó léwu lójú ẹsẹ̀, èyí tó tóbi, àti èyí tó kéré. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ nọ́ńbà ọkọ̀ lè rí ìtàn gbogbo àyẹ̀wò rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsan kọ́bọ̀. Bí wọ́n bá ti kọ ọ́ lọ́dún mẹ́ta léraléra pé irin abẹ́ ọkọ̀ ń jẹ, tí ẹni tó ń tà á sì ń sọ pé ọkọ̀ òun kò tíì ní àléébù rí, ẹni tó fẹ́ rà á ti mọ irú ẹni tí òun ń bá dúnàá dúrà.

Báwo wá ni ọkọ̀ tí ilẹ̀ wọn ti yẹ̀ wò tó bẹ́ẹ̀ ṣe ń di ewu nígbà tó bá dé ìhà ibí? Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni pé èyí tó pọ̀ nínú wọn kò ní ìwé mọ́ nígbà tí wọ́n fi kó wọn wọ ọkọ̀ ojú omi. Ní ọdún 2020, àjọ tó ń bójú tó àyíká lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé ìròyìn jáde pé láàárín 2015 sí 2018, 14 mílíọ̀nù ọkọ̀ kéékèèké àlòkù ni wọ́n kó láti ìlú kan sí òmíràn káàkiri ayé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì wá sí Áfíríkà. Ní ọdún kan náà, àwọn aláyẹ̀wò ìjọba ilẹ̀ Netherlands yẹ àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń kó gba èbúté ilẹ̀ wọn lọ sí Áfíríkà wò. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà láàárín ọdún mẹ́rìndínlógún sí ogún ọdún, púpọ̀ nínú wọn kò sì ní ìwé àyẹ̀wò tó ṣì ń ṣiṣẹ́ mọ́. Ní kúkúrú, ọkọ̀ tí wọn kò jẹ́ kó rìn lójú títì tiwọn mọ́ ni ó gba Kútọnu àti Àpápá wọlé, tó ń jẹ́ tòkunbọ̀.

Kí ènìyàn mú ọkọ̀ Volkswagen tí wọ́n fi ń ṣe dánfó. Oríṣi ti àtijọ́, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, ti kúrò lórí àtẹ ní Jámánì láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 wá. Èyí tó rọ́pò rẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà níwájú, ọdún 1990 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, wọ́n sì dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 2003. Àbúrò pátápátá nínú wọn, tó ṣì ń kó èrò lónìí, ti lé ní ogún ọdún. Ọjọ́ orí kọ́ ni ẹ̀sùn. Ọkọ̀ tó ti pẹ́ tí wọ́n ń tọ́jú sàn ju ọkọ̀ ọdún márùn-ún tí wọ́n fi jẹ kòtò láàárọ̀ àti lálẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti ń dàgbà ni àkókò tí ìwé àyẹ̀wò kan lè dúró fún ń kúrú sí i. Oṣù mẹ́fà lára ọkọ̀ tuntun kò tó nǹkan. Lára ọkọ̀ ogún ọdún tó ń rin ìrìn mẹ́wàá lójúmọ́, oṣù mẹ́fà lè sọ páìpù tó ń dípẹtà di páìpù tó lu.

Ìdáhùn kejì ni èyí tí àwọn ènìyàn kì í ronú kàn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí, ọkọ̀ ẹrù ni wọ́n níbi tí wọ́n ti ṣe wọ́n. Ìjókòó méjì tàbí mẹ́ta ló wà níwájú. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo, kò ní fèrèsé. Nígbà tí wọ́n bá gúnlẹ̀, àwọn wẹ́dà á fi iná gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún fèrèsé, wọn á jó bẹ́ǹṣì onírin mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀, ènìyàn á sì jókòó síbi tí wọ́n ṣe fún páálí àti irin iṣẹ́. Ilẹ̀ ọkọ̀ náà fẹ́lẹ́, ìpẹtà sì ti lè wà nínú rẹ̀ kí iná wẹ́dà tó kàn án. Bí ọkọ̀ bá fi orí sọ nǹkan, bẹ́ǹṣì lè fà tu pẹ̀lú gbogbo ẹni tó jókòó lé e, kí ó sì tẹ àwọn tó wà níwájú pa. Bí ìwé àyẹ̀wò kan bá tilẹ̀ bá ọkọ̀ yìí wá láti òkè òkun, ọkọ̀ ẹrù ni ìwé náà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò mọ bẹ́ǹṣì kankan rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọkọ̀ tó wá láti Japan, níbi tí sítíárì ti wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti ń wa ọkọ̀ ní apá ọ̀tún títì, nítorí náà wọ́n ní láti yí sítíárì wọn sí òsì. Ẹni tó mọ iṣẹ́ lè yí i kó dára. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á gé irin, á sì jó o pọ̀, irin tí wọ́n gé tí wọ́n jó pọ̀ yẹn ni yóò sì di gbogbo ẹ̀mí inú ọkọ̀ mú ní eré ọgọ́rùn-ún. Ibi tó yẹ kí àyẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ibẹ̀ gan-an sì ni ojú kì í dé.

Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá, ọ̀dà tuntun kọ́ sì ni ọkọ̀ líle. Ní ilẹ̀ tí òtútù ti ń mú gan-an, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì kí yìnyín lè yọ́. Iyọ̀ yìí ni í jẹ abẹ́ ọkọ̀. Àwọn tó ń tún ara ọkọ̀ ṣe á fi pọ́tì dí ihò rẹ̀, wọn á ha á, wọn á fi ọ̀dà kùn ún, ó tán. Ẹni tó bá fi irin òòfà kékeré sáré kan ara ọkọ̀ náà yóò rí i pé kò lẹ̀ mọ́ ibi tí pọ́tì wà, nítorí pé pọ́tì kì í ṣe irin. Lábẹ́ ọkọ̀, kí ó fi ṣónṣó sukudiráfà tẹ ibi tí wọ́n so ẹsẹ̀ ọkọ̀ mọ́. Bí ó bá wọlé bí ẹni tẹ búrẹ́dì, kí ó gba ilé rẹ̀ lọ, bí wọ́n bá tilẹ̀ fẹ́ ta á ní ìdajì owó.

Ọ̀rọ̀ bíréèkì ni ó yẹ kí ènìyàn dúró lé lórí jù. Lẹ́yìn ìjàǹbá, gbólóhùn tí àwọn ará ìlú máa ń gbọ́ ni pé "bíréèkì ló já." Wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni pé àrá ló sán. Ẹni tó bá mọ bí bíréèkì ṣe ń ṣiṣẹ́ mọ̀ pé kì í sábà já lójijì. Nígbà tí awakọ̀ bá fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ọ́ìlì ló ń gba inú páìpù irin tẹ́ẹ́rẹ́ lọ, tó ń ti páàdì mọ́ irin tó ń bá ẹsẹ̀ ọkọ̀ yí. Páìpù yẹn lè ti máa dípẹtà fún ọdún mẹ́ta kí ó tó lu. Ọ́ìlì náà pàápàá máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ fi ń ní kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀ ní bí ọdún méjì méjì. Bí wọn kò bá pààrọ̀ rẹ̀, tí ọkọ̀ tó kún fún èrò wá ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè ilẹ̀ Èkìtì tàbí Ìjẹ̀ṣà, tí awakọ̀ ń tẹ bíréèkì léraléra, ooru á mú kí omi inú ọ́ìlì náà hó, yóò di oruku, bíréèkì á sì rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ bí ẹni tẹ tìmùtìmù. Ìgbà náà ni awakọ̀ á pariwo pé bíréèkì ti já. Ohun tó já lọ́jọ́ yẹn, ọdún méjì ni wọ́n fi ń gé e.

Àyẹ̀wò tí ẹnikẹ́ni lè ṣe láìjẹ́ mekáníìkì wà. Kí ó tan ẹ́ńjìnnì, kí ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ó sì gbé ẹsẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá ń rì díẹ̀díẹ̀, ọ́ìlì ń jáde níbì kan. Kí ó wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́ níbi tó tẹ́jú tí kò sí èrò, kí ó tẹ bíréèkì. Bí ọkọ̀ bá fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹsẹ̀ kan kò ṣiṣẹ́ bí èkejì. Kò gba owó, kò gba àkókò. Àwọn èrò tó ń bá dánfó kan náà lọ lójoojúmọ́ náà kì í ṣe afọ́jú: ọkọ̀ tó máa ń fà sọ́tùn-ún bó bá fẹ́ dúró, wọ́n mọ̀ ọ́n.

Ti táyà kò pẹ́ sọ. Lára táyà ni nọ́ńbà mẹ́rin kan wà tó ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Rọ́bà máa ń gbó bí kò tilẹ̀ jẹ, nítorí náà táyà tòkunbọ̀ tí eyín rẹ̀ ṣì pé lè ti gbẹ kó sì ti máa sán lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ti iná kò tilẹ̀ nílò àlàyé: kí ènìyàn méjì ran ara wọn lọ́wọ́, kí ọ̀kan tẹ̀ ẹ́, kí èkejì wò ó láti ẹ̀yìn. Bí wọ́n bá sì rí kẹ́ẹ̀gì epo tí wọ́n so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ èrò, tí rọ́bà gba inú rẹ̀ lọ sí ẹ́ńjìnnì, kò sí àyẹ̀wò mìíràn tó kù, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ni.

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ olówó ni gbogbo èyí. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí náírà sì jábọ́ ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ohun èlò ọkọ̀ ti gun orí òkè, ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ ọkọ̀ rẹ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, ó sì di dandan kí ó máa lo ti àtijọ́. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Bí wọ́n bá sì lé gbogbo ọkọ̀ àtijọ́ kúrò lójú títì lọ́la, tálákà ni yóò fẹsẹ̀ rìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo ibi tí owó ń lọ yóò rí i pé àìní nìkan kọ́. Owó ọ̀dà wà. Owó ohùn orin wà. Owó alágbàtà tó ń gba ìwé láìgbé ọkọ̀ lọ wà, lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Páìpù bíréèkì àti ọ́ìlì rẹ̀ wà lára ohun tí owó rẹ̀ kéré jù nínú ọkọ̀, àwọn ni wọ́n sì máa ń sún sí oṣù tó ń bọ̀.

Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ sọ ti owó. Wọ́n á ní ohun tí Ọlọ́hun bá ti kọ ni yóò ṣẹ. Ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ni, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bá ń ti ilẹ̀kùn ilé wọn pa lálẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bá ń ka owó èrò. Orí bíréèkì nìkan ni wọ́n ti ń rántí kádàrá. Ẹni tó mọ̀ pé páìpù lu, tó kó èrò sí i, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan kan, wọn yóò sì bi í nípa rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ẹgbẹ́ àsàlátù àti àwọn ilé kéwú gidigidi, nítorí pé irú ọkọ̀ tí owó wọn ń ká nìyí. Wọ́n á dá owó jọ fún ọdún kan tàbí méjì, wọ́n á ra bọ́ọ̀sì àlòkù láti máa kó àwọn ọmọ lọ sí ilé kéwú, láti máa gbé àwọn ìyá lọ sí ibi wáàsí, nígbà mìíràn láti fi gbé òkú lọ sí itẹ́. Ẹni tó bá wọn rà á sábà máa ń jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ tó mọ ẹni tó ń tà á. Wọ́n á pe àlùfáà kó wá ṣe àdúà sí i, wọ́n á kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí i lára, alágbàtà á sì lọ gba ìwé. Àdúà dára. Ṣùgbọ́n amánà ni owó náà, àwọn ọmọ sì jẹ́ amánà tó ju owó lọ. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ṣe é bó ti yẹ, kí wọ́n mú mekáníìkì tí wọ́n fúnra wọn yàn lọ, kí ó má ṣe jẹ́ ti ẹni tó ń tà á. Kí wọ́n gbé ọkọ̀ náà gun ibi tí ènìyàn ti lè dúró lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Kí wọ́n bèèrè bóyá ọkọ̀ ẹrù ni tẹ́lẹ̀ rí, kí wọ́n fọwọ́ mi gbogbo bẹ́ǹṣì. Nígbà tí ó bá di ti ìwé, kí méjì nínú wọn tẹ̀ lé awakọ̀ dé ibùdó àyẹ̀wò, kí wọ́n dúró títí tí wọ́n fi máa yẹ̀ ẹ́ wò tán, kí wọ́n sì bẹ ayẹ̀wò pé kí ó kọ ohun tó rí sílẹ̀ fún wọn, títí kan èyí tí kò tíì bàjẹ́ tán. Bí ayẹ̀wò bá ní kí wọ́n má wulẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu, kí wọ́n kàn gba ìwé, kí wọ́n sọ fún un pé ọmọ ló fẹ́ wọ ọ́.

Ìjọba ní tirẹ̀ kò níláti wá nǹkan àràmàǹdà. Bí ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́ àti àwọn yòókù bá lè fi nọ́ńbà ọkọ̀ gba owó ìtanràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n lè fi nọ́ńbà kan náà jẹ́ kí èrò rí ọjọ́ tí wọ́n yẹ ọkọ̀ wò kẹ́yìn, ibùdó tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, bí bíréèkì rẹ̀ ṣe lágbára sí, àti ohun tí wọ́n ní kí olówó rẹ̀ máa ṣọ́. Kí ìwé tí kò bá ní àwọn nǹkan wọ̀nyí nínú má ṣe jẹ́ ìwé. Alágbàtà lè gbé owó lọ, kò lè gbé agbára bíréèkì lọ nínú báàgì.

Awakọ̀ ló kù. Òun ni ayẹ̀wò tó ń rí ọkọ̀ lójoojúmọ́, òun sì ni ẹni tí wọn kì í gbọ́ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ̀ pé bíréèkì ti rọ̀, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n gbọ́dọ̀ jíṣẹ́ fún olówó ọkọ̀ ní alẹ́ kò mọ bíréèkì. Bí ó bá gbé ọkọ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ mekáníìkì, owó ọjọ́ náà yóò já lé e lórí, ó sì lè pàdánù ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn tó ṣe tán láti wà á bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ tàbí ilé kéwú tó bá gba awakọ̀ síṣẹ́ lè ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kí wọ́n fi ìwé kékeré kan sínú ọkọ̀ tí yóò máa kọ ohun tó bá ṣàkíyèsí sí. Kí ó wà nínú àdéhùn wọn pé ọjọ́ tí ó bá sọ pé ọkọ̀ kò lè jáde, ọkọ̀ kò ní jáde, owó rẹ̀ kò sì ní dín. Lọ́jọ́ náà, àwọn òbí lè wá mú ọmọ wọn, àwọn tí ilé wọn kò jìnnà á sì fẹsẹ̀ rìn lọ.